Iná Ọ̀rá Kì í Gun Òkè

Àwọ̀ ìyeyè ló yọ lára itan Fẹ̀yìntọlá, gbogbo yàrá sì kọjú sí i.

Orí ilẹ̀-asáré ló wà, ẹ̀rọ pẹrẹsẹ tó máa ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, tí èèyàn á sáré títí lórí rẹ̀ tí kò ní kúrò lójú kan. Wọ́n ti lẹ awọ dígí mọ́ itan rẹ̀ méjèèjì. Awọ yìí fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó fi ohun tí ẹran ara ń jó hàn lọ. Bí ẹran bá ń jó ṣúgà, awọ á pọ́n bí ẹyin iná. Bó bá jẹ́ ọ̀rá ló ń jó, awọ á yọ ìyeyè bí ọsàn tó gbó. Láti ìgbà tí Fẹ̀yìntọlá ti wọ Ilé Ẹsẹ̀, ilé àwọn asárejíṣẹ́, pupa ni tirẹ̀. Oníṣu ni. Ẹ̀gbà Oníṣu ló wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ láti kékeré, àká ìlú kì í sì í ṣílẹ̀kùn fún ọwọ́ náà àyàfi fún iṣu, ẹ̀kọ, àgbàdo àti oyin.

"Ẹ ṣí i kúrò, kí ẹ tún un lẹ̀," ni Bàbá Ọ̀nà wí.

Bàbá Ọ̀nà ni olórí gbogbo asárejíṣẹ́ Ìsàlẹ̀-Odò, arúgbó ọkùnrin tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti di irin. Wọ́n ṣí awọ náà, wọ́n nu òógùn, wọ́n lẹ òmíràn. Fẹ̀yìntọlá ń sáré lọ ní tirẹ̀, kò mí hẹlẹ, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyeyè náà ló tún yọ.

Bàbá Ọ̀nà yíjú sí Láníhùn. Láníhùn ló ń wọn oúnjẹ fún àwọn asárejíṣẹ́, òun náà ló ń ka awọ dígí. Òun sì ni ọkọ Fẹ̀yìntọlá.

"Láníhùn, kí lo rí?"

"Ìyeyè ni, Bàbá."

"Ṣé Oníṣu máa ń jó ìyeyè báyìí?"

Láníhùn wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà wò ó padà, kò gbójú kúrò.

"Kò sí ara tí kì í jó ọ̀rá díẹ̀," ni Láníhùn sọ níkẹyìn. "Bí eré bá pẹ́, tí a kò sì sá a lásàájù, ìyeyè lè yọ lára ẹnikẹ́ni."

Irọ́ kọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ tí Bàbá Ọ̀nà ń béèrè, tọkọtaya náà sì mọ̀.

Ó wá kan Mosúnmọ́lá. Òun ni Ọlọ́rá kan ṣoṣo tó wà nínú Ilé Ẹsẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó gòkè wá nígbà tí òkun gba ilẹ̀ wọn ní etíkun. Epo, ẹ̀pà, àgbọn, ẹyin àti òrí ni àká ń fún ọwọ́ tirẹ̀. Láti bí ọdún kan, kò tíì sí ẹni tó lè bá a rìn nínú Igbó Ìdákẹ́ tó wà láàárín Ìsàlẹ̀-Odò àti ìlú Orí-Àpáta, nítorí ó máa ń sáré láti etí igbó kan dé èkejì láìdúró jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bó ti ń sáré lórí ẹ̀rọ, awọ itan rẹ̀ yọ ìyeyè, lẹ́yìn náà pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí i níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí aṣọ tí epo ta sí.

"Ṣé ara rẹ kò yá ni?" ni Bàbá Ọ̀nà bi í.

"Ara mi yá, Bàbá."

"Kí ló wá dé?"

"N kò mọ̀, Bàbá."

Fẹ̀yìntọlá ń nu òógùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbọ́ "n kò mọ̀" yẹn, inú rẹ̀ dùn, irú dídùn tí èèyàn kì í fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Bàbá Ọ̀nà fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa lọ. Fẹ̀yìntọlá ló máa gbé ẹrù. Mosúnmọ́lá, ìwọ ni abánirìn; bó bá ṣubú, kí o gbà á. Àwọn ọmọdé ló wà nílẹ̀ ní Orí-Àpáta, ọrùn wọn ti gan, ibà ti mú wọn. Abẹ́rẹ́ tó lè gbà wọ́n là wà nínú àpótí òtútù tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láàárọ̀ yìí. Ẹni tó bá gbé e wọ ẹnu ibodè wọn, òun ni n ó fi ọ̀pá yìí lé lọ́wọ́. Orúnkún irin ti sú mi."

Kò sí ẹni tó béèrè ìdí tí ọkọ̀ kò fi lè gbé e lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti ta èémí Igbó Ìdákẹ́, afẹ́fẹ́ mímọ́ tí igi ibẹ̀ ń mí jáde, fún àwọn ará òkè òkun, tí wọ́n sì fòfin de ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, etí-igbó ló wà lórí gbogbo igi ńlá ibẹ̀, ẹ̀rọ dúdú kéékèèké tó rí bí olú, tí wọ́n ń tẹ́tí sí ìró ẹ́ńjìnnì. Ní èṣí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé alùpùpù wọ inú igbó náà. Kó tó jìnnà ni omi ti gbẹ nínú gbogbo ẹ̀rọ omi Ìsàlẹ̀-Odò, kò sì padà sun títí àwọn àgbà fi lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìjọba tó ti omi náà pa. Ìró ẹsẹ̀ nìkan ni etí-igbó kì í kà sí.

*

Owú tí Fẹ̀yìntọlá ń jẹ kò bẹ̀rẹ̀ lórí ọkọ. Orí ìdúró ló ti bẹ̀rẹ̀.

Oníṣu kò lè la igbó náà já láìdúró. Ṣúgà tó wà nínú ẹran ara kò pọ̀. Bó bá tán, ẹsẹ̀ á wúwo, ojú á ṣú, àfi kí èèyàn jókòó, kó lá oyin, kó jẹ ẹ̀kọ, kó tó lè dìde. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Fẹ̀yìntọlá ti ń jókòó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ igi ìrókò kan láàárín igbó, kò sì kà á sí àbùkù. Àfìgbà tí Mosúnmọ́lá dé. Bó bá ti jókòó báyìí, ọmọ náà á kọjá lára rẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń lọ o," pẹ̀lú ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ohùn yẹn ni kì í jẹ́ kó gbádùn oyin mọ́. Ó mọ̀ pé ọ̀rá tó wà lára òun tó òun sáré dé ilẹ̀ Nupe kí òun sì padà, ṣùgbọ́n ẹran ara òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń jó o.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ọkọ wá wọ̀ ọ́. Nítorí pé Mosúnmọ́lá nìkan ni Ọlọ́rá, Láníhùn fúnra rẹ̀ ló ń po oúnjẹ rẹ̀, òun ló ń ka awọ itan rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bó bá dé ilé, òórùn àgbọn ló máa ń wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó ti oúnjẹ, á bẹ̀rẹ̀.

"Ẹran itan ọmọ yẹn ti mọ ọ̀rá jó débi pé n kò rí irú rẹ̀ rí. Bó ti ń sáré tó, ṣúgà rẹ̀ wà níbẹ̀ láìlò, bí owó inú kóló."

Bí káfíńtà ṣe ń sọ̀rọ̀ igi tó dára ló ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Fẹ̀yìntọlá kò gbọ́ igi. Itan ló gbọ́.

Obìnrin kan nínú Ilé Ẹsẹ̀ tilẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀. "Ìyá Àṣàkẹ́, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ po oúnjẹ fún obìnrin mìíràn, kí là ń pe onítọ̀hún?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Fẹ̀yìntọlá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, ó fọ ẹ̀wù Láníhùn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kan ló wọ yàrá oúnjẹ láti pe ọkọ rẹ̀, kò bá a níbẹ̀. Igbá Mosúnmọ́lá wà lórí tábìlì, omi àgbọn kíki tí wọ́n po mọ́ òrí, tó funfun báláú. Ó fi ìka kàn án, ó lá a. Ó gbé e sẹ́nu. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ìdajì igbá ti wọ ikùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ògì funfun wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀; ó bù ú, ó fi kún igbá náà, ó rò ó pọ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ó ń mu ọ̀rá Mosúnmọ́lá, ó ń da ẹ̀kọ tirẹ̀ fún adìẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́: orí ń fọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ẹsẹ̀ tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí ebi ojú ọ̀nà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ó wá di ọjọ́ kan tó dé ìdí ìrókò tí kò sì rí ìdí tí òun á fi jókòó.

*

Láníhùn ló so àpótí òtútù mọ́ ọn lẹ́yìn nínú yàrá oúnjẹ, àwọn méjì péré ló sì wà níbẹ̀.

"Ìyá Àṣàkẹ́, láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà wo ni kí ni?"

"Iṣẹ́ mi ni awọ dígí. Ìyeyè tí mo rí lónìí kì í ṣe ti ọjọ́ kan."

"Ẹ rí i, ẹ sì dákẹ́ níwájú Bàbá Ọ̀nà."

"Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gé ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ. Kò sí àká tó máa ṣí fún ọ mọ́ nínú ìlú yìí. Ṣé ohun tí o fẹ́ kí n ṣe nìyẹn?" Ó fa okùn gba abẹ́ apá rẹ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́ tèmi. Gbé ẹrù yìí fún Mosúnmọ́lá."

Fẹ̀yìntọlá gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Iná ọ̀rá dára nínú igbó, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí èèyàn ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í gun òkè. Ọ̀rá ń jẹ èémí ju ṣúgà lọ. Bó o bá dé ara àpáta, tí o fẹ́ yára, tí èémí kò tó ọ, ṣúgà nìkan ló lè gbé ọ. Ẹran tó bá sì ti mọ́ra pẹ̀lú ọ̀rá ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ṣúgà. Bó o mu odindi ìgò oyin, á wọ inú rẹ, á jókòó síbẹ̀ ni, ẹran kò ní rí i lò. Ìlẹ̀kùn yẹn kì í ṣí lọ́jọ́ kan."

"Òun ńkọ́? Ṣé kì í ṣe Ọlọ́rá ni? Ta ni kò mọ̀ pé àpáta ló máa ń dójú tì í?"

"Pupa ti ń yọ lára tirẹ̀. N kò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ojú mi rí i. Á gùn ún jù ọ́ lọ lónìí."

Fẹ̀yìntọlá mọ ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ̀rọ̀ náà, bóyá ì bá rò ó. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ, orúkọ kan ṣoṣo ló ń dún létí rẹ̀.

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń wá bí ọ̀pá yẹn á ṣe dé ọwọ́ rẹ̀," ló wí.

"Fẹ̀yìntọlá."

"Ẹ so okùn náà kó le."

Láníhùn so ó, ó sì le.

*

Inú igbó tutù. Fẹ̀yìntọlá ló wà níwájú, Mosúnmọ́lá ń bọ̀ lẹ́yìn, ìró ẹsẹ̀ wọn nìkan ló ń dún lábẹ́ àwọn etí dúdú tó lẹ̀ mọ́ igi. Èdìdì àpótí wà lára okùn èjìká Fẹ̀yìntọlá, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí i: róbótó bí ojú ẹja, funfun nígbà tí ẹrù bá tutù, tó máa ń dúdú bó bá ti ń gbóná. Funfun náà mọ́ kedere.

Ó sáré bí ẹni ń lálàá. Kò sí ebi, kò sí òkùnkùn lójú. Ọ̀rá tí òun ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí, tí òun kò rí lò, ló ń jó báyìí lábẹ́ awọ ara rẹ̀, jẹ́ẹ́, bí àtùpà tí epo kún inú rẹ̀. Ó dé ìdí ìrókò, ó kọjá. Ó wo ẹ̀yìn.

Mosúnmọ́lá ti dúró. Ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àgbọn àti ẹ̀pà nìkan ló wà nínú àpò ìbàdí rẹ̀, kò sì sí èyí tó lè tètè ran ẹni tí ara rẹ̀ ti padà sí ṣúgà jíjó lọ́wọ́.

"Àbúrò mi, mo ń lọ o," ni Fẹ̀yìntọlá wí.

Ó ti ń retí àtisọ ọ́ láti bí ọdún kan. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó sì rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ ọmọ náà lára, bó ti gbójú sókè díẹ̀ tó sì tún gbé e sílẹ̀. Adùn rẹ̀ bá a lọ títí ó fi rí ìmọ́lẹ̀ níbi tí igbó parí sí.

Àpáta ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí igi kan lórí rẹ̀, àtẹ̀gùn tí àwọn àgbà gbẹ́ sára òkúta ló gùn ún lọ tààrà sí ẹnu ibodè Orí-Àpáta, oòrùn sì ti mú un gbóná bí agbada. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ fún gbogbo asárejíṣẹ́ pé kí wọ́n rọra nínú igbó, ṣùgbọ́n kí wọ́n fò lórí àpáta. Àpótí kò lè pẹ́ nínú ooru bẹ́ẹ̀. Orí àpáta yìí ni Fẹ̀yìntọlá ti gba orúkọ. Mosúnmọ́lá lè ni igbó, àpáta ni tirẹ̀.

Ó ki ara mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá a lóhùn.

Kò rẹ̀ ẹ́, ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù. Bó bá jẹ́ àárẹ̀ ni, ó mọ àárẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ń gbé e lọ bó ti gbé e nínú igbó, ṣùgbọ́n bó bá ti ní kó yára, àyà rẹ̀ nìkan ló ń yára. Ó ń mí bí ẹni tí wọ́n di nímú, ẹsẹ̀ sì ń rìn bí ẹni tó wà nínú odò tó mu dé ìbàdí. Ó fa ìgò oyin jáde lára ìbàdí rẹ̀, èyí tí àká ṣì ń fún un gẹ́gẹ́ bí Oníṣu, ó mu ìdajì rẹ̀. Ó dúró dè é. Ó gùn síwájú, ó ń retí kí oyin dé ẹsẹ̀ bó ti máa ń dé e tẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi iná sí koríko gbígbẹ. Kò sí nǹkan kan. Ó ti wọ inú rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀.

Ó wo èdìdì. Funfun rẹ̀ ti di eérú.

Ìgbà náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Mosúnmọ́lá ti jáde nínú igbó. Kò yára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gùn, ó ń gùn sí i, kò sì fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ó bá a.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èdìdì ti ń dúdú."

"Mo rí i."

"Ẹ gbé e fún mi."

"Dúró."

Fẹ̀yìntọlá tún gùn ún. Ohun tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe àtẹ̀gùn. Ó ń wo ọ̀pá Bàbá Ọ̀nà lọ́wọ́ Mosúnmọ́lá. Ó ń wo ọkọ rẹ̀ tó ń po àgbọn fún olórí Ilé Ẹsẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn obìnrin tó fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó rò ó pé bóyá èdìdì kò ní dúdú tán kí òun tó dé, pé òun ti rí èyí tó dúdú jù báyìí tí oògùn sì ṣì ṣiṣẹ́. Kò rí irú rẹ̀ rí.

Ó gbójú sókè. Àwọn ìyá ti jáde sí ẹnu ibodè, wọ́n tò sí etí àpáta, wọ́n ń wò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn pọn ọmọ. Ọmọ tó bá sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, iwájú ni orí rẹ̀ máa ń dà sí, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn ìyá. Orí ti ọmọ yìí dà sẹ́yìn gan-an, ó le bí igi, ó dojú kọ oòrùn.

Fẹ̀yìntọlá dúró.

"Tú okùn náà," ló wí.

Okùn kò tú. Òógùn ti mú un wú, Láníhùn sì ti so ó bí wọ́n ṣe ní kó so ó. Mosúnmọ́lá fi eyín bù ú. Bó ti ń fà á, Fẹ̀yìntọlá na ìgò oyin sí i.

"Mu èyí."

"Ọlọ́rá ni mí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mu ún. Ara rẹ ti mọ̀ ọ́n lò." Ó tún na ìgò náà sí i. "Ògì ni mo ń bù sínú igbá rẹ. Èmi ni mò ń mu àgbọn rẹ."

"Mo mọ̀," ni Mosúnmọ́lá wí, okùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lo mọ̀?"

"Ògì kò jọ àgbọn lẹ́nu. Mo rí yín láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ kejì."

"O ò sì sọ fún ẹnì kankan?"

Okùn tú. Mosúnmọ́lá gba ìgò, ó mu oyin náà tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Bí mo bá sọ, wọ́n á dá àgbọn mi padà fún mi. Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe máa ń gun àpáta yìí lẹ́yìn yín? Ọwọ́ àti orúnkún ni. Màá gbójú sókè, màá rí yín tí ẹ ń gùn ún lọ bí ewúrẹ́, inú mi á máa ta mí bí ẹni mu ata. Mo ní bó bá jẹ́ ògì ló ń fúnni ní ẹsẹ̀ yẹn, kí ẹ máa bù ú lọ."

Fẹ̀yìntọlá gbé àpótí lé e lẹ́yìn. Kò mọ̀ pé òun máa béèrè, ẹnu rẹ̀ ló béèrè.

"Ọkọ mi ńkọ́?"

"Bàbá Àṣàkẹ́?" Mosúnmọ́lá fa okùn le mọ́ àyà ara rẹ̀. "Itan mi ni wọ́n mọ̀. N kò rò pé wọ́n lè dá ojú mi mọ̀ lọ́jà."

Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ní ìgbésẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ó ṣì ń fì. Lẹ́yìn náà, oyin dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá rí ìgbà tó dé ibẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìgbà náà bí tirẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ nà, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò kan òkúta mọ́, ó ń ta àtẹ̀gùn nù lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ ló ń wò lára ẹlòmíràn. Ó ti rò pé bí òun bá gbé ẹrù sílẹ̀, ohun tó ń jó òun nínú á kú. Kò kú. Ó ń jó níbẹ̀ títí ọmọ náà fi wọ ẹnu ibodè.

*

Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá dé òkè, wọ́n ti gbé àpótí wọlé. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó ní èdìdì kò dúdú tán, pé abẹ́rẹ́ dára. Àwọn ìyá kò yọ̀. Wọ́n kàn jókòó sílẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí bó ti rẹ̀ ẹ́ tó.

Obìnrin àgbàlagbà kan wà lórí òkúta tó ga jù, ó di dígí ńlá mú. Òun ló máa ń fi oòrùn ránṣẹ́ sí Ìsàlẹ̀-Odò, nítorí dígí kì í ní ìró. Ó ti kọjú dígí náà sí àfonífojì.

"Ta ló gbé e wọlé?" ló béèrè. "Orúkọ ta ni kí n fi ránṣẹ́?"

Mosúnmọ́lá jókòó sílẹ̀, ó gbé ara ti ògiri ibodè. Ó wo Fẹ̀yìntọlá.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e," ló wí. "Ẹ̀gbẹ́ òkè níbí ni mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Tiwọn ni kí ẹ fi ránṣẹ́."

Gbogbo àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ yíjú sí Fẹ̀yìntọlá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa ja orúkọ náà níyàn, ẹ̀mí ọmọ wọn ló wà lọ́kàn wọn. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Bàbá Ọ̀nà á ti dúró níta Ilé Ẹsẹ̀ tí ó ń wo òkè, Láníhùn á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí dígí bá kọ Fẹ̀yìntọlá, Láníhùn á mọ̀ pé ìyàwó òun gun òkè náà, pé kò sí ohun tí ọkùnrin tó ń ka awọ itan mọ̀ tán. Fẹ̀yìntọlá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ ẹ gan-an.

"Rárá," ló wí. "Mosúnmọ́lá ni. Èmi, mo tẹ̀ lé e ni."

"Mosúnmọ́lá?" ni obìnrin àgbàlagbà náà tún béèrè, kó lè dájú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Dígí yí. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sínú àfonífojì, ó ń ṣẹ́jú, ó ń kọ orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Fẹ̀yìntọlá wò ó títí ó fi parí. Nínú ilé ìtọ́jú, ọmọ kan fi igbe ta, igbe ìbínú ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ kó máa ké.

Mosúnmọ́lá dìde, ó bu omi wá nínú ife. Ó kúnlẹ̀, bí àbúrò ṣe ń kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ó gbé e síwájú rẹ̀.

Fẹ̀yìntọlá na ọwọ́ ọ̀tún láti gbà á, bí àgbà ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé. Ó dá ọwọ́ náà dúró. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ òsì kún un, ó sì gba omi náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.